Ìparí Tí Wanida Fi Ẹnu Yí Padà

"Ẹni tó ṣe fíìmù yìí kò ka ìwé náà dé ìparí," ni Wanida wí. À ń ta aṣọ funfun mọ́ àárín òpó oparun méjì níwájú ojúbọ Bàbá Ńlá, òòṣà tó ni ìlú wa, okùn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Tó bá kà á parí ni, ojú ì bá tì í."

Mo ní kó fa okùn le, kó yé ṣàròyé. Láti àárọ̀ ló ti ń bá mi fa ọ̀rọ̀ kan náà. Èmi Sutin, ẹ̀gbọ́n Bunma ìyá rẹ̀, ni mo ni jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde, àti máíkì méjì tí a fi ń jẹun. Fíìmù ilẹ̀ òkèèrè la ń gbé kiri ìletò. A ó pa ohùn inú rẹ̀, a ó sì máa fi èdè tiwa sọ̀rọ̀ bí àwòrán bá ṣe ń lọ. Èmi ni gbogbo ọkùnrin, àgbà àti ọmọdé, àti ajá pẹ̀lú bí ajá bá wà ńbẹ̀. Wanida ni gbogbo obìnrin. Ó ku ọdún kan kó parí iléèwé girama, ṣùgbọ́n látìgbà tí ohùn ìyàwó mi ti há ni máíkì ti di tirẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá sunkún nínú máíkì, àgbà ọkùnrin á máa wá ibi tó máa gbójú sí.

Fíìmù ọjọ́ náà, ti ẹ̀jẹ́ ni. Màmá Thongbai, tó ń yan adìyẹ tà ní ibùdókọ̀, ló ṣèlérí fún Bàbá Ńlá pé bí Tawan ọmọ òun bá bọ́ lọ́wọ́ àìsàn kíndìnrín, fíìmù yìí gan-an lòun máa fi dúpẹ́. Ara ọmọ náà ti yá. Ẹni bá rí ohun tó tọrọ gbà nílùú wa, á fún Bàbá Ńlá ní fíìmù wò, a ó sì fi ìlà àga iwájú sílẹ̀ lófìfo fún un. Ẹni tó bá láyà kó lọ bá a jókòó ńbẹ̀.

Inú ìwé kan ni wọ́n ti mú fíìmù náà, *Ọgbà Orí Òṣùpá*, ìtàn ọjọ́ iwájú tí ilẹ̀ ayé ti gbẹ, tí ọmọbìnrin kan sì ń tọ́jú irúgbìn gbogbo ayé lórí òṣùpá. Nínú ìwé, ọkọ̀ ìkẹyìn wá gbé e, kò lọ. Ó ní bí òun bá lọ, irúgbìn á kú, ayé kò sì ní rí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ padà. Nínú fíìmù, ó gun ọkọ̀, ó délé, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, orin dún, ó parí. Ohun tó ń bí Wanida nínú nìyẹn.

Ìjà ni ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀ níléèwé wọn. Àwọn kan ní fíìmù dùn ju ìwé lọ, torí ojú lèèyàn fi ń rí ọkọ̀ òfurufú ńbẹ̀, kì í ṣe kí ìwé máa fi odidi orí kan ṣàlàyé ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àwọn kan ní kí wọ́n má fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe fíìmù mọ́ láéláé. Olùkọ́ wọn bá ní ọmọ tí ìwé bí ni fíìmù, kò pọndandan kó jọ ìyá rẹ̀. Wanida ní ọmọ tí kò bá jọ ìyá, ó yẹ kó jọ bàbá, pé eléyìí kò jọ ẹnì kankan. Olùkọ́ ní kó jáde síta.

Tèmi ni pé ohun tó wù mí kò wù ọ́ ni kì í jẹ́ ká pawó pọ̀ fẹ́yàwó. Mi ò ka ìwé. Fíìmù náà dùn mọ́ mi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wò mí bí ẹni tó rí òkú eku nínú ọbẹ̀. Kí a tó tan ẹ̀rọ, mo kìlọ̀ fún un pé ohun tó wà lórí aṣọ ni kó sọ. Ó ní òun ti gbọ́. Àṣé etí lásán ló fi gbọ́.

Àwọn èèyàn ti tẹ́ ẹní, wọ́n ń jẹ ìrẹsì àti ẹyin sísun. Màmá Thongbai àti Tawan jókòó lẹ́yìn ìlà àga òfìfo. Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí ọmọbìnrin orí òṣùpá fi gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn ọkọ̀. Ohùn Wanida bá yí padà.

"Èyí tó ń gun ọkọ̀ yìí kì í ṣe èmi," ni ó wí nínú máíkì. "Èmi ṣì wà nínú ọgbà."

Mo fẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni ọ̀gá awakọ̀, ó yẹ kí n ní "káàbọ̀ sílé", àmọ́ ta ni n óò kí káàbọ̀? Ibi tí ìyá ti dì mọ́ ọmọ rẹ̀, Wanida mú ohùn ìyá, ó ní: "Ọmọ mi, ojú àlá ni mo ti ń rí ẹ. Tí mo bá jí, o ò ní sí ńbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì á ti hù."

Kí n má purọ́, ó dùn. Ọ̀pọ̀ ń nu ojú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti wò ó lórí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé irọ́ ni, pé ọmọ náà délé. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n panu mọ́, pé èyí ló dáa jù. Kíá, wọ́n ti ń na ìka síra wọn lójú. Màmá Thongbai fa Tawan lọ́wọ́ wá sídìí tábìlì wa. Ọmọ ń sunkún. Obìnrin náà kò gbé ohùn sókè rárá.

"Fíìmù tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ́ nìyí," ó wí. "Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ló ń wò ó. Ó ní bí ọmọ yẹn bá lè ti òṣùpá délé, òun náà á ti ọsibítù délé. Ìwọ wá ń sọ fún un lójú Bàbá Ńlá pé kò délé."

Wanida pa máíkì rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn àgbà ojúbọ ní ẹ̀jẹ́ ṣì wà lọ́rùn Màmá Thongbai. Ìletò méjì tó ti bẹ̀ wá níṣẹ́ ránṣẹ́ pé kí a má wá mọ́. Mo gba máíkì lọ́wọ́ Wanida, mo ní kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ àfi tó bá lọ tọrọ àforíjì, kó sì gbà pé fíìmù náà dára.

"Màá bẹ̀ wọ́n nítorí ẹ̀jẹ́ àti nítorí Tawan," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé ó dára, Bàbá Sutin. Ẹ gba máíkì títí ayé tẹ́ ẹ bá fẹ́. Wọ́n ba ìwé yẹn jẹ́."

Inú bí mi gan-an. "Ó dáa, má fẹ́ràn ẹ̀. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹnu ọmọ ọlọ́mọ inú fíìmù lo fi kọ tìẹ, o wá sá pamọ́ sẹ́yìn máíkì. Ta ló rí ojú Wanida ńbẹ̀?"

Wanida dìde, ó lọ sí ibùdókọ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná adìyẹ, ó bẹ Màmá Thongbai. Wọ́n ní kò fi bò fún un pé òun kò tíì fẹ́ràn fíìmù náà. Màmá Thongbai yí adìyẹ rẹ̀, ó ní òun kò ní kó fẹ́ràn ẹ̀, kó ṣáà sọ ọ́ bó ṣe wà. Ó tún ní ohùn tó ba ẹ̀jẹ́ òun jẹ́ ni òun fẹ́ kó tún un ṣe, kì í ṣe ohùn ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dá máíkì padà, pẹ̀lú ìkùnsínú.

Èèyàn kò pọ̀ lọ́jọ́ tí a tún un ṣe. Wanida sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ọmọbìnrin náà délé tó pe ìyá rẹ̀, ohùn Wanida mì tìtì, Tawan sì fò sókè pẹ̀lú ẹ̀rín. Orin parí, mo na ọwọ́ láti pa jẹnẹrétọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀jẹ́ yín ti parí, Màmá," ó wí. "Èyí tó kù, tèmi ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ lè máa lọ."

Ó jáde síwájú aṣọ funfun, níbi tí iná ti tàn sí i lójú tí gbogbo wa ń rí i. Ó ní òun ni Wanida, ọmọ Bunma, fíìmù náà kò tẹ́ òun lọ́rùn, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ó wá sọ ìparí ìwé náà fún wa láti orí dé ìdí. Àwọn tó ti ká ẹní wọn dúró lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan ké sí i pé kó lọ sùn, ó dúró kí onítọ̀hún ké tán, ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó parí, Màmá Thongbai ní òun ti gbọ́, àmọ́ tòun ni òun ṣì fẹ́.

"Èmi náà, tèmi ni mo fẹ́, Màmá," ni Wanida wí.

Tawan bi í bóyá ẹ̀rù kò ba ọmọ náà lórí òṣùpá lóun nìkan.

"Ẹ̀rù bà á," ó wí. "Síbẹ̀, ó dúró."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ipá mú yín yin ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ì báà ṣe olùkọ́, ì báà ṣe èmi. Ẹ sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n ẹnu tiyín ni kí ẹ fi sọ ọ́, kí ojú yín hàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ fún onínǹkan ní nǹkan rẹ̀ láì dín. Bí inú bá fẹ́ bí wọn lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó bí wọn.