Àmì Orí Lára Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ sí Òkè-Ìlá ní Adó, kó ní òun fẹ́ bọ Múdàṣírù panẹ́lìbítà lọ́wọ́. Ọ̀tún ni yóò nà sí i. Kó ní rárá, òsì ni òun fẹ́ rí. Bó bá ti rí i tán, kó padà wá bá mi, ká jọ sọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1979 ni. Múdàṣírù ló ń na ara mọ́tò tó bá ti forí sọ nǹkan lójú pópó. Kì í gbé òòlù láì béèrè ọ̀rọ̀ kan: "Ṣé ó pa èèyàn?" Bó bá pa èèyàn, ará ilé òkú gbọ́dọ̀ wá, kó gbé ọwọ́ lé ibi tó tẹ̀ wọnú, kó dárúkọ olóògbé, kó ní kó máa lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn. Kò mọ ìdí rẹ̀, kò sì bi ọ̀gá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Olúgbádé gbé ohun kan wá tí kò ní táyà. Kọ̀ǹpútà ni. Ilésanmí, ẹ̀gbọ́n Olúgbádé, ló gbé e bọ̀ láti ìlú òyìnbó kó tó kú sójú ọ̀nà Ìjàn. Irin ni gbogbo ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bíi tẹlifíṣọ̀n kékeré, bọ́tìnnì lẹ́tà tò síwájú rẹ̀, àyè kásẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Òkè rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ó jìn bí abọ́ ọbẹ̀.

"Kí ló ṣe é, ọ̀gá?"

"Ó já bọ́ lórí tábìlì. Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá wò ó ní ọ́fíìsì mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi nà án."

Irọ́ ni. Ẹ̀yìn mọ́tò ni ẹ̀rọ yẹn wà lọ́jọ́ tí Ilésanmí fi mọ́tò rọ́ lu igi. Ó fò wá síwájú, ó sì bà á ní àgbárí, òun ló pa á. Ará ilé nìkan ló mọ̀. Múdàṣírù ò mọ̀, kò sì béèrè. Ta ní í bi ẹ̀rọ orí tábìlì pé ṣé ó pa èèyàn?

Ó tú u, òkè rẹ̀ sì ṣí bíi bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pá kan tiẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e dúró. Èyí dùn mọ́ Múdàṣírù.

"Mọ́tò ni èyí náà," ó wí. "Bìsìmílà."

Kọ̀ọ́. Kọ̀ọ́. Kọ̀ọ́.

Irin náà gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dákẹ́. Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibi tó tẹ̀ wọnú fò padà síta, ó gún régé.

Ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ agolo mọ́lẹ̀.

Olúgbádé ni. Ó ti wà nílẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ ti wọlé, ó jìn bí abọ́ ọbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń tú nímú, ó ń tú létí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Òòlù ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Rẹ̀mílẹ́kún tó ń lẹ táyà ní ìsọ̀ kejì ló kọ́kọ́ yọjú.

"Ó ti fi òòlù pa á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó. Àwọn èèyàn ya dé. Pákó ba Múdàṣírù lẹ́yìn. Ẹnì kan fi irin gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ dà sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́ ilẹ̀ tí epo mọ́tò ti rin. "Mi ò fọwọ́ kàn án," ó ń wí, ẹ̀jẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ jáde. Àìṣà ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, wọ́n na òun náà mọ́ ọn. Ẹ̀rù ikú ba Múdàṣírù, nítorí ó mọ ojú gbogbo àwọn tó ń nà án. Aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n.

Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti rí ojú kọ̀ǹpútà. Ó ti tanná. Wáyà rẹ̀ wà ní kíká lórí tábìlì, kò kan iná níbì kankan. Múdàṣírù wo orí Olúgbádé. Ó wo ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó gbá òòlù mú, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ lu òkè ẹ̀rọ náà wọnú padà.

Orí Olúgbádé wú padà síta bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a pò. Ó húkọ́. Ó jókòó, ó fọwọ́ pa iwájú orí, ó wo ẹ̀rọ náà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àwọn tó ń na Múdàṣírù náà sá. Rẹ̀mílẹ́kún fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibẹ̀ wá dákẹ́. Fọláṣadé, opó Ilésanmí, rọra wọlé. Ilé wọn ló kọjú sí ìsọ̀ náà. Ife omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún dé ẹnu.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ilésanmí wọlé báyìí. Orí rẹ̀ pé. Ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo ń gbé omi bọ̀ ni mo gbọ́ òòlù yín. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló wà lórí àga."

Fọláṣadé wo ojú ẹ̀rọ náà. Ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

"Ó kọ ọ́ pé òun ti ṣe tán," ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ bó bá ń retí ohun tí a fẹ́ kí òun ṣe."

"Àbúrò mi, gbọ́. Gbé ọwọ́ lé ibí yìí. Dárúkọ ọkọ rẹ. Ní kó máa lọ."

"Kó máa lọ síbo? Kò tíì mu omi."

Ó gbé ife kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó mú òòlù. Ó wo ẹni tó kù nínú ìsọ̀. Àìṣà ni, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ lójú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyáàfin," Fọláṣadé wí, bí ẹni tó fẹ́ kọjá láàárín èrò. Ó gbé òòlù sábẹ́ irin náà, ó fẹ́ lù ú padà síta.

Múdàṣírù ki ọwọ́ òsì bọ ibẹ̀. Egungun fọ́. Ó tún lù ú. Fọláṣadé ń lù ú bí ẹni tó ń gúnyán, kò pariwo, omijé kàn ń dà lójú rẹ̀. Ìka kan já. Ó tún lù ú. Àìṣà fà á nírun lulẹ̀, àwọn méjèèjì ń yí gbiri nínú ẹ̀jẹ̀ títí òòlù fi bọ́.

Olúgbádé ò padà sí Adó mọ́. Ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ìsọ̀. Múdàṣírù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ, nítorí kò mọ ẹni tí orí rẹ̀ yóò wọlé bó bá dúró tì í. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, irin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ibi tó tẹ̀ wọnú á fẹ́ fò padà síta fúnra rẹ̀. Múdàṣírù á fi ohun tó kù lára ọwọ́ òsì yẹn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ọ̀sán á fi rọ̀. Ó ti bẹ Àìṣà títí pé kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìjàn. Àìṣà ní òun ò lọ síbì kan.

Fọláṣadé kì í bá wọn jà mọ́. Bí oòrùn bá ti ń mú, á gbé àpótí wá sẹ́nu ìsọ̀, á jókòó, ife omi lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi Múdàṣírù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ yín ò tíì rẹ̀?"