Ẹni Kẹfà Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Kò sí àsọdùn nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Àwọn tó ṣojú wọn lé ní ogójì. Etí wọn ò di. Ẹnì kan péré ló máa ń mutí nínú wọn, òun náà ò sì tíì mu lọ́jọ́ náà.

Ẹgbẹ́ ọ̀kẹ́stírà kan ń múra sáà tuntun sílẹ̀. Eré orin ńlá mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti lẹ ìwé ìpolówó rẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n àga afunfèrè kejì kò lẹ́ni tó ni ín. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan ti ń jókòó sórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adelé. Wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ títí ó fi di orúkọ rẹ̀. Bí inú bá ń bí ìyá rẹ̀ pàápàá, á ní, "Adelé, ta lò ń delé dè títí di òní?"

Adelé yìí ló jà fitafita kí wọ́n tó gbà pé ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni kí wọ́n ti máa dán olórin wò. Adájọ́ ò gbọ́dọ̀ rójú. Kò gbọ́dọ̀ gbóhùn. Èèyàn á bọ́ bàtà kó tó wọlé, kí ìró gìgísẹ̀ má baà fi hàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fun jù, òun ló làga. Ohun tó jẹ́ kó jà ni pé àbúrò ìyàwó Olùdarí ẹgbẹ́ náà ń fun fèrè, bí a bá lè pe ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn márùn-ún ló wá. Adelé ló mú nọ́ńbà karùn-ún, òun ló kẹ́yìn. Ó fun orin tí wọ́n yàn fún gbogbo wọn, ó pa ìwé orin dé, ó sì padà sí yàrá ẹ̀yìn. Àbúrò ìyàwó ń jẹ bisikíìtì. Fáànù ń yí. Ọ̀sán gangan ni.

Fèrè bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú gbọ̀ngàn.

"Ta nìyẹn?" ni àbúrò ìyàwó bèèrè.

"Nọ́ńbà kẹfà," ni Bàbá Aṣọ́lẹ̀kùn dáhùn. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n ka ara wọn. Wọ́n jẹ́ márùn-ún. Àbúrò ìyàwó tún wọn kà, ó gbàgbé ara rẹ̀, wọ́n di mẹ́rin, ìyẹn sì dẹ́rù bà wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Bàbá, ẹ lọ wò ó."

"Ìlẹ̀kùn ni wọ́n gbà mí fún," ni bàbá náà wí. "Wọn ò gbà mí fún ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀."

Adelé tẹ́tí. Orin kan náà ni. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó gùn, tí gbogbo afunfèrè ń bẹ̀rù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun fúnra rẹ̀ máa ń mí níbẹ̀. Ẹni yìí wọ ibẹ̀. Kò mí. Adelé náà sé èémí. Ẹni yẹn ò mí síbẹ̀. Ojú Adelé ń ṣú lọ kí orin náà tó já sí gbangba.

Ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni ò jáde.

"Kẹfà ló mú un," wọ́n gbọ́ ohùn Akọ̀wé, obìnrin tí kì í ṣàwàdà, tó jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́. Wọ́n gbọ́ tí Olùdarí fa aṣọ ìkélé. Ó pẹ́ kó tó pè wọ́n wọlé.

Kò sí èèyàn níbẹ̀. Ìwé orin ti ṣí, ní ojú ewé tó kẹ́yìn.

"Ó dáa," ni Olùdarí wí. "A ò rẹ́nì kankan. Ẹ jẹ́ ká ká aṣọ yìí kúrò, ká fojú yan ẹni tó yẹ." Ó ń wo àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Rárá," ni Akọ̀wé wí. "Bá a bá yọ kẹfà, karùn-ún ló ṣèkejì. Adelé, ìwọ nìyẹn. Kí lo wí?"

Ọdún mẹ́fà. Kó ṣáà ti dákẹ́, àga ti di tirẹ̀. Adelé wo ìwé orin tó ṣí sílẹ̀ náà.

"Kẹfà ló mọ̀ ọ́n fun jù," ló wí. "Òfin ní ká má bèèrè ẹni tó jẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́."

"Ẹni tí ò sí ńkọ́?" ni Olùdarí bèèrè.

"A ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ wà, sà." Akọ̀wé kọ kẹfà sílẹ̀ pé òun ló yege.

Ìyá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Ẹlòmíì, èèyàn ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tiwọn."

Òfin ní bí ẹni tó yege ò bá wá síbi ìdánrawò àkọ́kọ́, ẹni tó ṣèkejì ni kó gba àga. Adelé lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Akọ̀wé ń pe orúkọ.

"Fèrè kejì."

Àga náà ṣófo. Wọ́n ń gbọ́ bí iná ṣe ń kùn lókè àjà.

Ohùn fèrè kan jáde láti orí àga òfìfo náà, ó rọra, ó gún régé. Akọ̀wé wo àga náà. "Ó wà," ló wí, ó sì sàmì sí i. Ogójì èèyàn ń wo bàtà ara wọn. Onílù kan ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ọjọ́ kejì ló dé.

Adelé gbé àpótí fèrè rẹ̀, ó kọjú sí ìlẹ̀kùn.

"Dúró," ni Olùdarí wí. Ó nu ojú. "Eré àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé àga òfìfo làwọn èrò á máa wò ni? Jọ̀ọ́, jókòó síbẹ̀. Ṣáà gbé fèrè sẹ́nu. Má fun ún."

"Kí n máa gba àtẹ́wọ́ ẹlòmíì? Mi ò lè ṣe é, sà."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Àga tèmi. Mẹ́ta nínú eré mẹ́rin yẹn ló gba fèrè mẹ́ta. Ọdọọdún lẹ̀ ń yọ fèrè kẹta. Ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ àbísọ mi sínú ìwé sáà yìí. Mi ò ṣe adelé mọ́."

Olùdarí wo àga òfìfo náà. Ó wò ó pẹ́. Ohun tó rí níbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni di òní.

"Ẹ gbé àga wá," ló wí.

Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òfìfo náà. Adelé jókòó, ó to fèrè rẹ̀ pọ̀. Lódìkejì àga òfìfo náà, bàbá arúgbó tó ń fun fèrè kìíní ń nu tirẹ̀, kò gbójú sókè.

"Sún díẹ̀ sápá ibẹ̀ yẹn, ọmọ mi," ló wí. "O ti há a mọ́."

Adelé sún.