Ẹ̀rọ Ìran Tí Kò Pariwo

Ẹ̀rọ tí Olújìnmí kàn kò pariwo rárá. Ènìyàn lè gbé etí lé e kó dúró títí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dára. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ká ní ó mọ̀ ni, ìbá ti fi òòlù fọ́ ọ kó tó tàn án.

Ọ̀runòjìnnà ni ìlú wọn. Orí òṣùpá ló wà, lábẹ́ òrùlé dígí ńlá kan tí páìpù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú tọ̀sántòru. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó rò pé orúkọ ìyangàn ni àwọn fún un. Ìyá Mojírọ̀lá, tí í ṣe ìyá ìyàwó Olújìnmí, kò fẹ́ràn orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ẹnu ni wọ́n fi ń pe nǹkan. Ìgbà tí páìpù afẹ́fẹ́ bẹ́ ní oko ẹ̀fọ́, tí ó gba ẹ̀mí Mojírọ̀lá, ni Olújìnmí tó mọ ohun tí ìyá ń sọ.

Nígbà náà, Fadérera ọmọ wọn kò tíì lè so okùn bàtà. Ó ti ń gbàgbé ìyá rẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kan ó bi baba rẹ̀ pé, "Bàbá mi, ṣé ohùn màmá mi rinlẹ̀ ni àbí ó tín-ín-rín?" Ọjọ́ yẹn ni Olújìnmí pinnu láti kan ẹ̀rọ ìran ilé, tó ń gbé àwòrán àti ohùn jáde.

Nítorí Mojírọ̀lá fi ohun kan sílẹ̀. Láràárọ̀ tí ọmọ bá ti kúnlẹ̀ kí i, á gbé ojú ìyàwòrán sókè, á máa ya ọmọ náà, á sì máa kì í. Kì í ṣe oríkì ìdílé nìkan. Ó máa ń dá tirẹ̀ sí i, ti òní kì í sì í bá ti àná mu. Gbogbo rẹ̀ wà nínú àká ìrántí àtijọ́ kan, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ti ń já, ariwo páìpù sì kún inú rẹ̀. Ohun tí Olújìnmí fẹ́ kò ju pé kí Fadérera gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kì í kó tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé.

Kíkan ẹ̀rọ ìran kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká ṣáà ki irin bọ àpótí. Ọpọlọ ẹ̀rọ tó bá lágbára jù, ara rẹ̀ á gbóná. Èyí tí ara rẹ̀ bá gbóná, abẹ̀bẹ̀ ni yóò máa fẹ́ ẹ, abẹ̀bẹ̀ á sì máa pariwo nínú pálọ̀. Olújìnmí mú ọpọlọ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó to ìyẹ́ bàbà yí i ká kó máa fa ooru rẹ̀ jáde, ó ní òun kò fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ àká ìrántí ló di iyàn ní ilé-iṣẹ́ Ẹnjiníà Kúforíjì, tó ń bójú tó ẹ̀yà ẹ̀rọ fún ìlú.

"Mú èyí tó ń yí yẹn," ni ìyá Mojírọ̀lá wí. "Ikùn rẹ̀ tóbi."

"Màmá, á máa kùn sí yín létí o," Kúforíjì dáhùn.

"Kó máa kùn. Èmi náà ń kùn nínú ilé, ṣé wọ́n ti lé mi jáde ni?"

Kúforíjì rẹ́rìn-ín. Ó mú àká kékeré kan tí kì í yí, ó tún mú irin pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ. "Afọranmọ́ la sọ èyí. Á fọ àwòrán, á fọ ohùn, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n yà á."

"Báwo ló ṣe ń mọ ohùn yàtọ̀ sí ariwo?"

"Ẹnu ló ń wò, Màmá. Ohùn tó bá bá ẹnu mu, á fi sílẹ̀. Èyí tí kò bá lẹ́nu, á gbá a dànù."

Ìyá yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Olújìnmí, ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Jẹ́ ká gbọ́ ọ bó ṣe wà. Ẹni tó ti kú, kò dìgbà tó bá ń dán."

"Màmá, mo fẹ́ kí ohùn ọmọ yín já gaara létí ọmọ-ọmọ yín. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe ìyá, ó gbà fún un.

Ní Ọ̀runòjìnnà, wọn kì í da nǹkan nù. Ẹni tó bá fẹ́ gba tuntun, á kó àtijọ́ sílẹ̀, wọn á sì yọ́ ọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí irin kò pọ̀ lọ́wọ́ ìlú. Kúforíjì da gbogbo ìran náà sínú àká kékeré. Ó là á yé Olújìnmí pé ikùn rẹ̀ kò lè gba èyí tí wọ́n fọ̀ àti èyí tí wọn kò fọ̀ pa pọ̀, pé bí Afọranmọ́ bá ti fọ ọ̀kan tán, á fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Olújìnmí ní ó dára bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ju àká àtijọ́ sínú agbọ̀n àwọn ayọ́rin.

Àárọ̀ ọjọ́ tó tàn án, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó nínú pálọ̀. Àwòrán náà mọ́ débi pé wọ́n rí òwú tó yọ létí aṣọ ọmọ náà. Nínú rẹ̀, Fadérera kékeré kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá mi." Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Ọmọ náà gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bojú bí ẹni tí wọ́n ń yìn jù. Ohùn ẹni tó ń yìn ín kò jáde.

Olújìnmí yí ohùn sókè. Ó yẹ okùn wò. Ó fi ìran mìíràn sí i, ó tún fi òmíràn sí i. Bákan náà ni gbogbo wọn.

Ìyá ló kọ́kọ́ mọ̀. "Olújìnmí," ó ní, "Mojírọ̀lá ló di ojú ìyàwòrán mú. Kò sí nínú àwòrán. Kò lẹ́nu."

Olújìnmí sáré dé ọ̀dọ̀ Kúforíjì, kò wọ bàtà. Kúforíjì gbọ́ ọ tán, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti yọ́ àká àtijọ́ yẹn. Kò sí níbì kankan mọ́."

"Ṣé ìyá tìrẹ kì í kì ọ́ ni?" Olújìnmí bi í.

"Ó máa ń kì mí." Kúforíjì kò lè wò ó lójú. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti máa ń kì mí. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá nígbà tí mo ń ṣe é."

Nígbà tí Olújìnmí padà délé, ìyá ti gbé Fadérera lé itan, ó ń fi omijé kì í. Oríkì ìdílé ló mọ̀. Nígbà tó débi tí ti Mojírọ̀lá yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Wọ́n jọ wo Olújìnmí. Òun ló máa ń wà nínú ilé ní àwọn àárọ̀ wọ̀nyẹn, àmọ́ iṣẹ́ òru ló máa ń ti bọ̀. Á fa aṣọ borí, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dín ariwo kù. Ó wá ọkàn rẹ̀ títí. Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ọmọ arẹ́rìn-ín kí ilé tó mọ́."

Ojú Fadérera tàn. "Ohun tí màmá mi ń sọ nìyẹn?"

"Òun ni."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́, Bàbá mi?"

Olújìnmí kò mọ̀ ọ́n. Ó gbé orí lé ilẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó sunkún.