Ẹsẹ̀ Tí Àníọlá Fi Pamọ́

"Bọ́ ẹsẹ̀ yẹn kúrò," ni Májẹ́kódùnmí wí, ó ń fi eyín ya ọ̀rá omi.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba o. Kò ní tábìlì, kò ní àga. Abẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́nu géètì ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ring Road ló máa ń jókòó sí látàárọ̀, pẹ̀lú táì pupa lọ́rùn, àwọn akàndá ẹ̀dá tó wá gba ìrànwọ́ á sì máa pè é ní ọ̀gá. Ọ̀gá kí ni? Ọ̀gá àwọn aláìníṣẹ́.

Àníọlá wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù gé e nísàlẹ̀ orúnkún ní Ìwó Road, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ sì dáwó ra ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún báyìí. Ó ti ga, ẹsẹ̀ náà kò sì bá a dàgbà. Kó tó rìn láti ilé wọn ní Agbowo dé ilé ẹ̀kọ́, ike náà á ti jẹ ẹ́ lẹ́ran títí ẹ̀jẹ̀ á fi rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ìdánwò WAEC sì ku oṣù mẹ́ta. Ẹsẹ̀ tuntun ló wá bá ìjọba fún, kò wá nǹkan mìíràn.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ká mú ohun tí a fi ń rìn dání."

Májẹ́kódùnmí yínmú sí i. "Fọ́ọ̀mù lo gbà gbọ́? Bí wọ́n bá rí ẹ tó o dúró ṣánṣán báyìí, wọ́n á ní kí lo tún ń wá. Ojú àánú ni wọ́n ń wò níbẹ̀. Wọ́ nílẹ̀! Sunkún díẹ̀ sí i. Iléeṣẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó."

Ọmọ tó gba ipò kejì ní kíláàsì rẹ̀, tó mọ ìwé kà, gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ka ìwé náà gbọ́. Ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi pamọ́ sínú àpò lábẹ́ igi, ó sì ń wọ́ lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Nínú ọgbà, àgbàlagbà kan wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà, tó fi bàtà sọ́wọ́ méjèèjì. Sùlàímọ́nù lorúkọ rẹ̀, ó ń rán bàtà ní Challenge. Láti kékeré ni kò ti lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, síbẹ̀ jalamíà rẹ̀ funfun, ó mọ́ tónítóní. Ó rí àtẹ́lẹwọ́ Àníọlá tó ti bó.

"Ọmọ mi, o kò mọ ìwọ́ o," ló wí. "Kọjá síwájú mi, jàre. Kí wọ́n tètè dá ẹ lóhùn."

"Ẹ ṣé, bàbá," ni Àníọlá dáhùn. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó kọjá.

Ìyáàfin Òkè ló ń yẹ àwọn ènìyàn wò, bí a bá lè pe ìyẹn ní yíyẹ̀wò. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Kò wojú ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o lè rìn?"

"Rárá, mà."

"O ò ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá?"

"N ò ní, mà."

"Kẹ̀kẹ́ arọ." Ó lu òǹtẹ̀. "Ẹlòmíì!"

Ibẹ̀ ni Àníọlá ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan láti yàrá kejì: "Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ti kéré, ẹ gbé e wá! Ti àtijọ́ la ó fi wọn tuntun." Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ẹsẹ̀ kékeré tirẹ̀ wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Ó yẹ kó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó sáré wọ́ padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ lábẹ́ igi.

"Kẹ̀kẹ́ náà dáa," ni Májẹ́kódùnmí wí. "Gbà á, ká tà á, kó o fi ra ẹsẹ̀."

Ó tún gbà. Ẹ sọ fún mi, ta ni òmùgọ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ọjọ́ tí wọ́n pín kẹ̀kẹ́ náà ní Bodija, àwọn ọ̀gá ìjọba wà lábẹ́ ìbòòji, wọ́n ń mu ohun tútù. Àwọn akàndá ẹ̀dá wà nínú oòrùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá péré. Bí wọ́n ṣe tò lórí ìlà lọ́jọ́ àyẹ̀wò ni wọ́n ń pè wọ́n. Àníọlá ló ṣe ìkẹwàá.

"Sùlàímọ́nù!" ni wọ́n pè tẹ̀lé e. "Bàbá, ó ti tán o. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Àlùhàmúdùlíláì," ni Sùlàímọ́nù wí. Ó ti ọwọ́ bọ bàtà rẹ̀, ó sì ń wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Àníọlá kígbe: "Bàbá, ẹ dúró!" Ó fa ẹsẹ̀ àtọwọ́dá yọ nínú àpò rẹ̀, ó dè é lójú gbogbo ayé, ó sì dìde dúró. Igbe sọ. Ẹnìkan ní, "Olè!" Ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ Sùlàímọ́nù, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora.

"Tiyín ni. Mo purọ́ gba ipò yín."

Kámẹ́rà ń yàwòrán, nítorí náà àwọn ọ̀gá kò lè gbà á lọ́wọ́ bàbá. Ìyáàfin Òkè wá wojú ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì fa igi lé orúkọ rẹ̀. Ní ti Májẹ́kódùnmí, ó ti pòórá bí ìsó.

Sùlàímọ́nù di ọwọ́ Àníọlá mú. "Ká ní o sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni, ǹ bá ṣì ní kó o kọjá síwájú mi."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àníọlá ju èébú lọ. Ẹsẹ̀ kékeré yẹn náà ló fi ṣe ìdánwò, ẹ̀jẹ̀ sì ń rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ títí ó fi kọ ìwé tó kẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀tọ́ kì í ṣe sàráà. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ yín, ẹ fi òtítọ́ gbà á. Ẹni tó fi irọ́ gbà á, ẹ̀tọ́ ẹlòmíì ló máa bá lọ́wọ́ rẹ̀, tirẹ̀ á sì bọ́.