Fèrè Tí Tíṣà Kò Gbọ́

Obìnrin kan bá òjò wọlé. Ó gbá àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Omi ń ro tótótó lára aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kán kan ò kan àwo náà. Ó wo àwọn mọ́kànlá tó jókòó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí lẹ ti ń jà nítorí orin?"

"Ibí ni," Alága wọn dá a lóhùn. "Ta lẹ fẹ́ bá jà?"

Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin kan tó ń nu abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti gbàgbé abẹ́rẹ́ sọ́wọ́, ó ń wo obìnrin náà.

Onírédíò ni wọ́n ń pè é, torí rédíò àti ẹ̀rọ orin ló ń tún ṣe. Obìnrin náà ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé, kó tó dìrọ̀lẹ́ wọ́n ti sọ ọ́ di Tíṣà. Òfin ẹgbẹ́ wọn ò ṣòro: oṣù kan, ọdún kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí orin ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí òní díẹ̀díẹ̀. Kálukú á mú orin kan ṣoṣo wá, èyí tó fẹ́ràn jù nínú ọdún yẹn, á dìde dúró, á rojọ́ rẹ̀, wọn á sì nawọ́.

Lọ́jọ́ náà, orin méjì ló kù sójú agbo, ti Onírédíò àti ti Tíṣà. Àwọn mẹ́wàá yòókù nawọ́, márùn-ún síbí, márùn-ún sọ́hùn-ún. Tíṣà na ọwọ́ fún tirẹ̀ láìtijú. Onírédíò gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, ó sì nà án fún ti Tíṣà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi dalẹ̀ orin yín?" Tíṣà bi í níta, nígbà tí òjò dá.

"Tiyín dùn jù ú lọ ni."

"Irọ́ ni."

"Irọ́ ni lóòótọ́. Ẹ jẹ́ n sìn yín délé, màá sọ òótọ́ lójú ọ̀nà."

Wọ́n délé, kò sọ ọ́. Ó ní kí ó di oṣù tó ń bọ̀, àmọ́ kò lè dúró dè é, ọjọ́ kẹta ló ti wá béèrè bóyá rédíò ilé wọn bàjẹ́. Kó tó pé oṣù méjì, "ẹ" ti kúrò láàárín wọn, ó ku "o".

Ohun tí Onírédíò ò mọ̀ ni ìdí tí olólùfẹ́ rẹ̀ fi máa ń rìn lápá ọ̀tún rẹ̀ nígbà gbogbo. Etí òsì ló ṣì ń gbọ́rọ̀ dáadáa díẹ̀. Ti ọ̀tún ti ń kú lọ. Dókítà ti sọ fún Tíṣà pé àrùn inú ẹbí ni, ohùn tó tín-ín-rín ló máa kọ́kọ́ lọ, ti ẹyẹ, ti ọmọdé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí á ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sóhun tó máa dá a dúró.

Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Bàbá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ìgbà tí Tíṣà ti wà nílé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ò bá bàbá jà o. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ọdún mẹ́fà ló fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ kan ó ní ọ̀fun ń dun òun, ó káṣọ, ó lọ. Ìdí nìyẹn tí Tíṣà kì í fi sọ fún ẹnikẹ́ni pé, "Kí lo wí?" Bí Onírédíò bá dápàárá tí kò gbọ́, ojú ló máa ń wò. Bí ojú bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kó gbádùn ìfẹnukonu pàápàá, torí ó lè máa sọ̀rọ̀ sí i létí.

Oṣù ń gorí oṣù. Ẹgbẹ́ ń sún mọ́ òní, títí wọ́n fi kan ọdún méjì sẹ́yìn. Tíṣà dìde, ó fi fóònù rẹ̀ gbé orin tirẹ̀ jáde nínú sípíkà.

"Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀," ó ní, "ni pé wọn ò fi fèrè bà á jẹ́. Bésì tó nípọn àti ohùn ọkùnrin yẹn nìkan. Kò sóhun tó ń dí wọn lọ́wọ́."

Wọ́n wojú ara wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ orin náà dé òpin, fèrè ló ń ké nínú rẹ̀.

"Tíṣà," Onígbàjámọ̀ ní, "fèrè wo ni kò sí? Àbí ológbò ló ń sunkún látàárọ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbàgbé ìkòkò sórí iná, ó sì jáde.

Onírédíò ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ sípíkà. Ó mọ̀ pé bí èyí tó ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde bá kú, rédíò á ṣì máa sọ̀rọ̀, ẹni tó ni ín ò sì ní tètè fura. Ó gba ìwé tí Alága ń kọ orin wọn sí, ó sì ń wo ti Tíṣà látòkè. Àwọn ọdún àtijọ́ kún fún ohùn obìnrin àti fèrè. Bí ọdún ṣe ń sún mọ́ òní ni ohùn inú orin rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin tó kẹ́yìn, bésì ni, bésì ni, bésì ṣáá ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eèje lọ. Onírédíò pa ìwé náà dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó bá bàbá Tíṣà níwájú ilé. "Ẹ káàsán, sà." Bàbá ò mira. Ó bọ́ síwájú rẹ̀, ó tún un kí.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," bàbá ní, "àgàgà lọ́dọ̀ tèmi. Ìwọ ni Onírédíò?"

"Èmi ni, sà."

"Láti àná ló ti ń sunkún. O ti mọ̀, àbí?"

Onírédíò mi orí.

"Ọmọ mi, bó o bá máa lọ, tètè lọ. Ìyá rẹ̀ lo ọdún mẹ́fà kó tó lọ. Ọdún mẹ́fà yẹn ló dùn mí, kì í ṣe lílọ rẹ̀."

Tíṣà ti yọ sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú. "Rédíò niṣẹ́ rẹ, orin ni fàájì rẹ," ó ní. "Kí lo fẹ́ fi adití ṣe?"

"O kì í ṣe adití."

"Mo ń lọ síbẹ̀. Máa lọ sílé."

Ó yẹ kó sọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ká má purọ́, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fojú kàn án. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ó mú òwú, ó fi di etí rẹ̀ méjèèjì pinpin, ó sì ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀. Oníbàárà kan pè é títí, ó pòṣé, ó gbé rédíò rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sán ó fẹ́ sọdá títì, mọ́tò fẹ́ẹ̀ gbá a. Ẹnu awakọ̀ tó là gbayawu ló rí, kò gbọ́ èébú rẹ̀. Nígbà tó yọ òwú nírọ̀lẹ́, ẹnì kan ń gbálẹ̀ nítòsí, ìró ìgbálẹ̀ yẹn sì pa á lẹ́kún. Ọjọ́ kan péré ni tirẹ̀. Tíṣà ti ń dá a gbé láti ọdún yìí wá, ó sì tún ń rí àyè fi rẹ́rìn-ín sí àpárá òun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó bá a ní kíláàsì níbi tó ti ń to àga. Ó rìn yí i ká dé iwájú rẹ̀, kó lè rí òun kó tó sọ̀rọ̀.

"Mo wá bẹ̀ ọ́. Kò yẹ kí n lọ."

"Bàbá mi ní kó o lọ. Èmi náà ní kó o lọ."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ ìsọkúsọ lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa Tíṣà, ó gbé e mì.

"Mi ò wá sọ pé kò sí nǹkan," Onírédíò ń bá a lọ. "Nǹkan wà. Mo fi òwú di etí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, mọ́tò fẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹ̀rù ń bà mí, ìfẹ́ mi."

"Ó ń bà mí ju ìwọ lọ." Tíṣà gbé àga ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Lọ́jọ́sí ọmọ kan ṣubú lẹ́yìn mi, ó ń ké. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá fà mí láṣọ kí n tó mọ̀. Iṣẹ́ yìí á lọ. Orin á lọ. Bí mo bá wá gbàgbé ohùn tìẹ ńkọ́?"

Irọ́ wà lẹ́nu Onírédíò, irọ́ tó dùn. Ó gbé e mì.

"Wàá gbàgbé ẹ̀," ó ní.

Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀, àwọn àǹtí rẹ̀ ń sọ pé Ọlọ́run ò ní gbà, àwọn ọ̀rẹ́ ń sọ pé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ò tíì fi òótọ́ dá a lóhùn rí. Tíṣà jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga ọmọdé, ó sunkún dáadáa, Onírédíò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Máa sọ̀rọ̀ nígbà náà," Tíṣà ní nígbà tó nu ojú.

"Kí n sọ kí ni?"

"Ohunkóhun. Mo fẹ́ kí ohùn rẹ pọ̀ lọ́wọ́ mi kó tó tán."

Onírédíò fa àga ọmọdé kan sí iwájú rẹ̀, ó jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n. Ó sọ ohun tó jẹ láàárọ̀. Ó sọ bí oníbàárà ṣe pòṣé sí i. Ó wá sọ òótọ́ tó ti jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé: pé òun ò gbọ́ orin rẹ̀ rárá lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ lòun ń wò.

"Fẹ́ mi," ó ní. "Ká lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀."

Tíṣà gbọ́ ọ ketekete, ó sì tún rí i lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù ò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò ní kúrò.

"Mi ò gbọ́," ó ní. "Tún un sọ."

Onírédíò tún un sọ. Ìgbà mẹ́rin ló sọ ọ́ kí Tíṣà tó ní òun gbà, kò sì rẹ̀ ẹ́.