Ẹsẹ̀ Morónkẹ́ Tó Wú Kì í Ṣe Ẹjọ́ Ọ̀pọ̀lọ́

Òjò rọ̀ mọ́jú ní Kábà. Koríko ń kán omi, kọ̀nkọ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́ sì ti gba gbogbo àkùrọ̀ ẹ̀yìn ilé Lájídé, wọ́n ń ké bí ẹni pé àwọn ló ni ìlú. Morónkẹ́, ìyàwó Lájídé, jókòó nídìí òfì, ó ń hun kíjìpá, àmọ́ ara rẹ̀ ò balẹ̀. Bó bá fa òwú kan kọjá, á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ òfì. Á tún fa òmíràn, á yíjú sẹ́nu ọ̀nà. Ibi tútù ni ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ràn, abẹ́ òfì sì tutù.

"Morónkẹ́, aṣọ lò ń hun ni, àbí olè lò ń ṣọ́?" Ìyá Martha, ìyá ọkọ rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀ láti ìdí ààrò.

"Ìyá, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń mí lábẹ́ ibí."

"Ìwọ lò ń mí! Ọmọ inú rẹ náà ń mí. Jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀."

Ẹnu ni Ìyá Martha fi ń ṣàwàdà, ọkàn tirẹ̀ náà ò balẹ̀. Òun gan-an ló da eérú sí ẹnu ọ̀nà kí ọ̀pọ̀lọ́ má baà wọlé. Oyún àkọ́bí Morónkẹ́ ti wọ oṣù kẹjọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ti odò bọ̀, ó ṣèèṣì dá ọ̀pọ̀lọ́ kọjá. Àwọn àgbà àdúgbò a sì máa sọ pé aboyún tó bá dá ọ̀pọ̀lọ́ kọjá, bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń wú ni yóò máa wú.

Ẹsẹ̀ Morónkẹ́ sì wú lóòótọ́.

Látìgbà náà ni Ìyá Martha ti ní kó má lọ sí ilé ìgbẹ̀bí mọ́, nítorí inú àkùrọ̀ lọ́nà ibẹ̀ gbà. "Bó o bá tún dá òmíràn kọjá ńkọ́? Jókòó sílé títí òjò á fi dáwọ́." Morónkẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tí kò rí ìjókòó ni. Orí ń fọ́ ọ. Nígbà mìíràn á rí nǹkan tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì níwájú rẹ̀, á sì dìde sáré yí yàrá ká.

Ní òwúrọ̀ yìí, nígbà tí Lájídé ń mú àdá lọ sóko, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó dúró. Ojú náà ti wú débi pé ó fẹ́ẹ̀ dí.

"Morónkẹ́, wo ọwọ́ mi. Ìka mélòó nìyí?"

"Ó ń jó lójú mi," ni Morónkẹ́ wí.

Lájídé ju àdá sílẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́.

"Níbo lò ń lọ?" Ìyá rẹ̀ pariwo.

"Mò ń lọ pe Nọ́ọ̀sì."

"Nọ́ọ̀sì! Ṣé nọ́ọ̀sì ló mọ̀ nípa ọ̀pọ̀lọ́?"

Ó ti wa kẹ̀kẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán, ọkọ aboyún náà kì í sáré òwúrọ̀ lásán.

Òun àti Nọ́ọ̀sì Elizabeth, agbẹ̀bí ilé ìgbẹ̀bí náà, ni wọ́n jọ dé. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lódìkejì àkùrọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọlé tẹrẹ̀tẹrẹ̀.

"Okun o, ẹ̀yin ará ilé," ni Nọ́ọ̀sì fi kí wọn.

"Okun, Nọ́ọ̀sì."

Nọ́ọ̀sì fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Morónkẹ́. Ojú ibi tó tẹ̀ jin sínú, kò tètè padà. Ó bi í nípa orí àti ojú. Ni Morónkẹ́ bá bú sẹ́kún, ó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀lọ́ dẹ́rù bà ọ́?"

"Àbúrò ìyá mi ni, Ọlọ́runṣọlá, ní Ògìdì. Mo kéré nígbà náà. Ó lóyún, ó wú báyìí, gìrì mú un, ó kú. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ ló dá kọjá. Látìgbà náà, bí mo bá rí i, ó dà bíi pé òkú Àǹtí mi ni mo rí."

Ìyá Martha rọra jókòó.

"Ọmọ mi," ni Nọ́ọ̀sì wí, "kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ ló pa á. Ẹ̀jẹ̀ ríru aboyún ni. A máa mú ojú àti ẹsẹ̀ wú, a máa mú kí orí fọ́ni, a máa mú kí ojú ṣe bàìbàì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gìrì ń dé. Ohun tó ń ṣe ọ́ fara jọ ọ́. Òní yìí la gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀lọ́, ẹ̀rù ní ń mú un wú. Bó bá rí ejò, á fa afẹ́fẹ́ sínú kí ejò lè rò pé òun ò ṣeé gbé mì. Kò sí bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe máa dénú ẹsẹ̀ rẹ."

"Àbí kì í tutọ́ síni lójú tójú á fọ́?" Ìyá Martha ò tíì gbà.

"Kì í tutọ́, Ìyá. Oje funfun kan wà lẹ́yìn ojú rẹ̀ tó máa ń ta èèyàn bó bá kan ojú tàbí ẹnu. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ fọwọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀, kòkòrò àti ẹ̀fọn ni yóò máa bá a jẹ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé àkùrọ̀, ojú ọ̀nà tóóró, ẹrẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹrẹ̀ lósì. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan sì jókòó gẹ́lẹ́ sáàárín ọ̀nà bí agbowó-orí. Ẹsẹ̀ Morónkẹ́ kọ̀.

"N ò lè kọjá."

"Má kọjá ná," ni Nọ́ọ̀sì wí, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Sáà wò ó. Kí ló ń ṣe?"

"Ó jókòó."

"Kí ló tún ń ṣe?"

"Ọ̀fun rẹ̀ ń lù kìkìkì."

"Ẹ̀rù rẹ ló ń bà á. Wo bó o ṣe tóbi tó."

Eṣinṣin kan bà níwájú ọ̀pọ̀lọ́. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ahọ́n ti jáde, eṣinṣin ti wọlé. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Morónkẹ́ tòun ti omijé.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

"N ò ní kí ẹ̀rù má bà ọ́. Máa bọ̀ tòun ti ẹ̀rù náà."

Lájídé fi igi kan ilẹ̀ kí ọ̀pọ̀lọ́ lè yà. Kò yà. Morónkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere, ó gbé ẹsẹ̀ tó wú náà, ó dá ọ̀pọ̀lọ́ kọjá.

"Yéè!" Ìyá Martha ké lẹ́yìn. Nígbà tó rí i pé ilẹ̀ ò là, òun náà ká ìró sókè, ó dá a kọjá.

Wọ́n dá Morónkẹ́ dúró sí ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n ní kó sinmi. Wọ́n bí ọmọ náà ṣáájú àsìkò, obìnrin ni, ó kéré bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó ké. Ìyá Martha tú u wò látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ojú ẹ̀ ò yọ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́ o," ló wí. "Imú bàbá ẹ̀ ló gbé wá, ìyẹn sì burú tó."

Ẹ̀rù ọ̀pọ̀lọ́ kò kúrò lára Morónkẹ́ lójijì. Ojú fèrèsé ló ti kọ́kọ́ ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò wọ́n. Nígbà tó padà sílé, ó lè fi ìgbálẹ̀ rọra ti ọ̀kan jáde lábẹ́ òfì, láìda iyọ̀ tàbí eérú sí i lára. Kò fẹ́ràn wọn títí dòní. Kò sóhun tó burú níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí nǹkan bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ wádìí ohun tó jẹ́, kí ẹ sì sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ọ̀pọ̀lọ́ dẹ́rù ba ọmọdé, ẹ sì má fi ọmọdé tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Aboyún, má pa ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ jẹ. Bí ojú àti ẹsẹ̀ rẹ bá wú, tí orí ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì, sọ fún ará ilé, kí wọ́n gbé ọ lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí lójú ẹsẹ̀. Kí ará ilé má jókòó máa wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi lé lórí. Ọ̀pọ̀lọ́ kò ní ẹjọ́ kankan láti rò; àwa tí a jókòó wo aboyún níran la ó rò ó.