Rárá Mẹ́rìndínlógún

Mo ń fọ ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, orin wà lẹ́nu mi, ọmọ-ọmọ mi sì jókòó ti tábìlì ilé ìdáná, ó ń fa àmì sórí ìwé. Kíá-kíá là ń pè é, torí kò sí iṣẹ́ tí kì í fẹ́ parí kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Obìnrin olùwádìí kan láti yunifásítì ló gbé ìwé náà fún un. Wọ́n ń wádìí ohun tó ń mú kí ọ̀dọ́ máa ronú àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kíá-kíá yóò pe ọmọ kíláàsì rẹ̀ mẹ́rìndínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bi wọ́n ní ìbéèrè méje. Ẹni tó bá ní "Bẹ́ẹ̀ ni" sí ìkeje, tó ń béèrè bóyá ó ń ṣe é bíi kó má sí mọ́, olùwádìí gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo nu ọwọ́, mo yọjú wò ó. N ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ "Rárá" bí mo bá rí i: òun ló wà lórí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún.

"Ìgbà wo lo bi gbogbo wọn?"

"Màmá àgbà, mo bi ẹni mẹ́ta. 'Ṣé dáadáa ni?' 'A dúpẹ́.' Bákan náà ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe ti kíláàsì kejì ní bóun náà ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Ogójì ọdún ni mo ti ń fọ ẹ̀gbin ẹlẹ́gbin, omi ìbọ̀sẹ̀ kò rí mi lára rí. Ìwé funfun yẹn rí mi lára.

"O wá ń fi ẹnu ẹlẹ́nu sọ̀rọ̀."

"Àmì lásán ni, màmá."

Ibẹ̀ la wà tí Ẹlẹ́rìn-ín fi wọlé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín.

"Màmá àgbà, orin yín ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ju ọṣẹ lọ." Ó yíjú sí Kíá-kíá. "O ò tíì pe èmi. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń dúró."

Kíá-kíá fi apá bo ìwé. "Ìwọ kẹ̀? Ṣé dáadáa ni?"

"A dúpẹ́." Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìwé.

Ìkíni nìyẹn, kì í ṣe ìbéèrè. Ta ni í fi ẹkún dá ìkíni lóhùn? Mo fa àga fún un.

"Ọmọ mi, n ò kí ọ o. Mo ń bi ọ́ ni. Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kó o má sí mọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ayé ti sú mi, màmá. Mo kàn fẹ́ kẹ́nì kan bi mí. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Mo fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ di tirẹ̀ mú. N ò wàásù, n ò sì fi í sílẹ̀. Kíá-kíá fa ìwé Ẹlẹ́rìn-ín yọ, "Rárá" ti wà níbẹ̀. Ó wò ó bí ẹni rí ìdin nínú oúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló pe olùwádìí: "Irọ́ ni mo kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Obìnrin náà dé. Òun àti ìyá Ẹlẹ́rìn-ín mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ìlera ọpọlọ. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Kíá-kíá. Nígbà tí ẹlòmíràn fi sùúrù bi kíláàsì náà, ẹni méjì mìíràn tún ní "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹlẹ́rìn-ín ṣì ń wá. Ẹ̀rín rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Kíá-kíá ló ń bá mi sá ìbọ̀sẹ̀ báyìí, a jọ ń kọ orin tuntun kan:

"Bi mí, má kí mi,
Jókòó kó o tó bi mí."

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ má bá ẹnikẹ́ni dáhùn ohun tí ẹ ò bi í. Bí ayé bá sì sú ìwọ, má dúró de ìbéèrè. Wá àgbà kan, sọ ọ́ lónìí.